Ẹ̀yin Òǹkàwé Ń Bèèrè: Motor Wo Ló Yẹ Buggy Fóò-wíìlì Mi?

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ motor lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ gan-an, mo dẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló ń bá ara wọn tan, torí náà mo ní kí n kúkú fi gbogbo ojú ìwé yìí dá wọn lóhùn. Buggy kékeré tí a ń fi rímóòtù darí là ń sọ o, èyí tí wọ́n ń fi díje, kì í ṣe ti ìṣeré ọmọdé inú pálọ̀. Lẹ́tà tó gùn jù ni màá fi ṣáájú torí pé òun ló kó ọ̀rọ̀ sínú jù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi buggy tú-wíìlì sáré, motor 17.5 ló wà nínú ẹ̀, ọwọ́ mi dẹ̀ ti mọ́ ọn dáadáa. Mo wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóò-wíìlì, 1/10 ni (ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi), oníṣáàfù, bátìrì 2S, ìyẹn oní-cell méjì, ni mo fẹ́ máa lò. ESC tí mo ní, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná bátìrì fún motor, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gbé motor tó bá kéré sí 5.5T. Pápá wa, inú ilé ni, erùpẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kò fẹ̀, ibi tó gùn jù níbẹ̀ ò ju mítà 25 lọ, kọ́nà pọ̀, òkè tí a ń fò náà wà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi pín sí méjì, àwọn kan ní kí n ra 5.5, pé fóò-wíìlì kì í rọra rìn, àwọn tó kù ní kí n yọ 17.5 mi kí n kó o sínú tuntun, kí n máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀. Kíláàsì modified ni mo fẹ́ wọ̀. Èwo ni ṣíṣe?
Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú tú-wíìlì

Àbúrò, kú oríire ọkọ̀ tuntun o, ẹ̀mí ẹ á lò ó. Ìdáhùn ẹ rèé kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé: ra motor 7.5T, kó jẹ́ onísensor, kó jẹ́ ìwọ̀n 540. Máa fi sáré títí ọwọ́ ẹ á fi mọ́ ọn. Ọjọ́ tó o bá rí i pé ò ń tẹ iná dópin lójú ọ̀nà tó gùn yẹn, tí ọkọ̀ ò ní nǹkan kan tó kù tó lè fún ẹ mọ́, ọjọ́ yẹn ni kó o lọ wo 6.5. 5.5 tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ń sọ ò burú rárá, pápá yín ló kéré fún un. 17.5 ní tiẹ̀ á jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn tètè sú ẹ.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. T tí wọ́n ń kọ sára motor, iye ìgbà tí wọ́n lọ́ wáyà kọ́pà yí eyín irin inú ẹ̀ ká ni. Tí wọ́n bá lọ́ ọ nígbà díẹ̀, àyè á wà fún wáyà tó nípọn, iná á máa gba inú ẹ̀ kọjá wọ̀ọ̀, motor á yára gan-an, á dẹ̀ máa jẹ bátìrì. Tí wọ́n bá lọ́ ọ púpọ̀, wáyà á tín-ín-rín, motor ò ní yára tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n á fara balẹ̀, kì í tètè gbóná tí gíà ẹ̀ bá ti tọ́. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kékeré fi jẹ́ ti ọkọ̀ tó yára, tí nọ́ńbà ńlá fi jẹ́ ti ọkọ̀ tó rọra.

Wàyí o, nínú tú-wíìlì, táyà ẹ̀yìn méjì péré ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, tó o bá tẹ iná jù wọ́n á kàn máa yí lásán ni, ẹ̀yìn ọkọ̀ á yọ̀, ìwọ náà á ti rí ìyẹn láìmọye ìgbà. Fóò-wíìlì ń pín agbára sí táyà mẹ́rin, ilẹ̀ á gbà á, ọkọ̀ á gbéra lọ, ó lè lo agbára tó máa dojú tú-wíìlì délẹ̀. Àmọ́ ohun tí motor ń fà kiri náà pọ̀ sí i: gíà iwájú wà, gíà ẹ̀yìn wà, ṣáàfù tó so wọ́n pọ̀ wà láàárín, bẹ́árìn ò níye, ọkọ̀ fúnra ẹ̀ tún wúwo ju tú-wíìlì lọ. Gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn ń jẹ lára agbára motor kí ó tó kan ilẹ̀. 17.5 tó ń sáré geere nínú tú-wíìlì ẹ, tó bá dé inú fóò-wíìlì á máa mí hẹlẹhẹlẹ ni, pàápàá níbi tó o bá fẹ́ fò tí o ò ní àyè púpọ̀ láti fi gbéra. Òun náà ló fà á tí ọ̀pọ̀ kíláàsì stock (ibi tí òfin ti ń yan motor) fi ń fún tú-wíìlì ní 17.5, tí wọ́n ń fún fóò-wíìlì ní 13.5. Nínú modified tó o fẹ́ wọ̀, èyí tó bá wù ẹ́ lo lè lò, ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà.

Jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ká ní 7.5 tó o rà yẹn, KV ẹ̀ jẹ́ 4,700. KV ni iye ìgbà tí motor máa yí ní ìṣẹ́jú kan fún volt kọ̀ọ̀kan tí a bá fún un, nígbà tí kò ru ẹrù kankan. Bátìrì 2S jẹ́ volt 7.4, ìyẹn ni pé motor á máa yí ní nǹkan bí 34,780 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ká tún ní gíà ọkọ̀ ẹ jẹ́ 9.5, ìyẹn ni pé motor á yí nígbà 9.5 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, táyà á máa yí ní nǹkan bí 3,660 ìgbà. Táyà buggy tó bá fẹ̀ tó milimítà 85 láti etí dé etí máa ń rin nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 27 tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Tó o bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó ń lọ sí nǹkan bíi kìlómítà 59 láàárín wákàtí kan. Lórí ìwé nìyẹn o, lórí ilẹ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀ torí ẹrù àti atẹ́gùn, ṣùgbọ́n wò ó: ọkọ̀ tó bá ń sá kìlómítà 59 láàárín wákàtí kan máa jẹ mítà 25 yín tán ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ yẹn lo ti máa gbéra láti kọ́nà, lo ti máa tẹ bíréèkì kó o tó wọ kọ́nà kejì. Níbo lo ti fẹ́ rí àyè lo 5.5?

Lọ́jọ́ tó o bá rí ẹni tó ń fi motor tó lágbára jù sáré ní pápá kékeré, má wo ọkọ̀ ẹ̀, ìka ẹ̀ tó wà lórí ìtẹ̀ iná ni kó o wò. Kì í lọ kọjá ìdajì. Á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á yára tú u sílẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ á máa fà gbà-gbà, tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ lẹ́yìn fífò á ta yọ kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀. Lẹ́yìn náà wá wo ẹni tí motor ẹ̀ mọ níwọ̀n, á tẹ iná dópin, á dúró síbẹ̀, ọkọ̀ á máa lọ geere, gbogbo ìyípo ẹ̀ yí pápá ká á sún mọ́ ara wọn ní àkókò. Ìdíje ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n sábà máa ń sá, ẹni tí ìyípo ẹ̀ dọ́gba ló máa ń borí. Mi ò ní yí ohùn padà lórí ọ̀rọ̀ yìí láéláé: motor tó o lè lò tán ló yára jù fún ẹ, kì í ṣe èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù.

Motor kọ́ ni gbogbo nǹkan. Lọ́dún 1987, nígbà tí wọ́n sá ìdíje àgbáyé buggy 1/10 ní Romsey ní Ìlú Ọba, Masami Hirosaka ọmọ Jàpáàn ló gba ti fóò-wíìlì, Schumacher CAT ló fi sá a. Motor oníbúrọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn ń lò láyé ìgbà yẹn, bátìrì NiCd ni. Brushless, ìyẹn motor tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì, àti bátìrì LiPo tí à ń bá ara wa jiyàn lé lórí lónìí ò tíì wọ eré náà rárá, eré dẹ̀ dùn.

Lórí sensor: má ra èyí tí kò ní. Sensor ló ń sọ fún ESC ibi tí rotor, ìyẹn irin onímáàgínẹ́ẹ̀tì tó ń yí ní àárín motor, wà ní gbogbo ìgbà, torí náà ọkọ̀ á gbéra jẹ́ẹ́ láti orí ìdúró, á dẹ̀ máa gbọ́ràn sí ìka ẹ lẹ́nu nígbà tó bá ń rọra. Èyí tí kò ní sensor máa ń ta gìrì nígbà tó bá ń gbéra, nínú kọ́nà tó há ìyẹn lè ná ẹ ní gbogbo ìdíje. Nínú afẹ́fẹ́ náà, fóò-wíìlì máa ń gbọ́ràn gan-an, tó o bá tẹ iná imú á gbé sókè, tó o bá tẹ bíréèkì imú á wálẹ̀, nítorí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí pọ̀. O ò lè fi motor tó ń ta gìrì tún imú ọkọ̀ ṣe lójú òfurufú.

ESC ẹ ò ní wàhálà, 7.5 àti 6.5 wà nínú ohun tó lè gbé. Ṣùgbọ́n yẹ ìwé ẹ̀ wò dáadáa, ṣé 2S ni wọ́n sọ 5.5 yẹn sí, torí pé bí volt bá ti ń pọ̀ ni agbára tó lè gbé ń dín kù. Pinion (gíà kékeré tó wà lórí ṣáàfù motor) tó o máa kọ́kọ́ lò, ìwé tó bá ọkọ̀ wá á sọ ọ́ fún ẹ, fi èyí tó ní eyín díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wàá lè máa fi eyín kọ̀ọ̀kan kún un. Tó bá ṣì ń ṣe ẹ́ bíi pé 7.5 náà fà jù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọnú ESC kó o dín punch, ìyẹn bó ṣe ń fà nígbà tó bá ń gbéra, kù, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọkàn ẹ á fi balẹ̀.

Mo rí motor méjì, 13.5 ni àwọn méjèèjì, ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n yàtọ̀. Ìkan ní KV tó ju ìkejì lọ dáadáa. Ṣé ẹni tó ní KV kékeré ń purọ́ ni àbí ẹni tó ní KV ńlá?
Ọmọ aláyẹ̀wò

Kò sí ẹni tó ń purọ́. Iye ìgbà tí wọ́n lọ́ wáyà lè bára mu kí KV má bára mu, torí pé máàgínẹ́ẹ̀tì rotor náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí máàgínẹ́ẹ̀tì bá lágbára, motor á fà dáadáa ṣùgbọ́n KV á wálẹ̀. Tí kò bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, á sáré lófìfo ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ ru ẹrù. Timing (bí iná ṣe ń tètè wọ wáyà ṣáájú rotor tó) tí wọ́n fi sí i kí wọ́n tó wọn KV náà tún ń yí i padà, ẹlòmíì á fi timing tó ga wọn tiẹ̀, ẹlòmíì á fi timing tó wà nílẹ̀. Torí náà má fi KV ilé-iṣẹ́ kan wé ti òmíì. Fún fóò-wíìlì ní pápá tí kọ́nà pọ̀ sí, èyí tó ń fà ni màá mú, mi ò ní wo nọ́ńbà tó wà lára páálí. Tí pápá yín bá gùn, tó jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí koríko oníke tó gba táyà mú, èyí tó ní KV tó ga lè yẹ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, motor mi fẹ́ jóná. 13.5 ni, fóò-wíìlì oníbẹ́líìtì, blinky là ń sá. Spur mi (gíà ńlá tí pinion ń yí) ní eyín 72, gíà inú ọkọ̀ jẹ́ 2.5, pinion eyín 24 ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, kò sí ìṣòro kankan. Wọ́n ń fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó gùn, mo bá fi pinion 28 sí i, mo dẹ̀ yí timing sókè. Ìdíje tó kẹ́yìn, nígbà tí mo gbé ọkọ̀ kúrò lórí pápá mo ń gbóòórùn nǹkan, mo wọn ooru ẹ̀, ó jẹ́ 98°C. Ṣé motor yẹn ò dáa ni?
Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀

Ẹ gbé pinion 28 yẹn kúrò lónìí, kẹ́ ẹ tó ka ìyókù. Motor yín ò ṣe nǹkan kan, ẹrù tẹ́ ẹ gbé kà á lórí ló pọ̀ jù.

Bí a ṣe ń ṣírò gíà rèé: ẹ fi eyín pinion pín eyín spur, kẹ́ ẹ wá fi gíà inú ọkọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. 72 tí a bá fi 24 pín in, 3 ni, 3 lọ́nà 2.5 jẹ́ 7.5. Èyí tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá fi 28 pín in, ó di nǹkan bí 2.57, lọ́nà 2.5 ó di 6.4. Ẹ rí i bó ṣe já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Tí nọ́ńbà yẹn bá kéré, ọkọ̀ lè sáré sí i lójú ọ̀nà tó gùn, ṣùgbọ́n ó ti nira fún motor láti gbéra. Ní gbogbo kọ́nà tẹ́ ẹ bá ti jáde, ńṣe ló ń tiraka, ìgbà tí motor bá sì ń tiraka láìyí dáadáa ló ń fa iná jù, iná yẹn ló ń di ooru. Ẹ tún wá yí timing sókè lé e. Timing ń fi iyára kún un lókè, ó ń mú kó máa fa iná sí i, kò dẹ̀ ràn án lọ́wọ́ nísàlẹ̀ níbi tó ti ń gbéra. Méjèèjì kì í lọ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé timing sókè, ẹ dín eyín pinion kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pinion tó tóbi, ẹ dá timing padà sílẹ̀.

Nínú blinky, níbi tí iná ESC ti ń ṣẹ́jú láti fi han rẹ́fírí pé kò sí timing kankan tó ń jáde látinú ESC, ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ ò ju timing tó wà lára motor fúnra ẹ̀ àti gíà lọ, torí náà ìtọ́jú wọn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ padà sí 24, ẹ sáré bí ìṣẹ́jú 2, ẹ wọn ooru ẹ̀. Tí kò bá gbóná, ẹ sáré dé ìṣẹ́jú 5, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ wá fi eyín kan kún un, eyín kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ń sún mọ́ 75°C sí 80°C lára agolo motor lẹ́yìn ìdíje, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dúró. Inú motor máa ń gbóná ju ìta tẹ́ ẹ ń wọ̀n lọ, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Àwọn kan máa ń ní tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ kò sí wàhálà, irọ́ ni. Ooru tó pọ̀ jù máa ń jẹ agbára máàgínẹ́ẹ̀tì rotor, tí ìyẹn bá ti lọ kì í padà. Motor yẹn á tiẹ̀ tún máa yí kíákíá sí i tẹ́ ẹ bá gbé e lọ́wọ́ lófìfo, ẹ lè rò pé ó ti dára sí i, àmọ́ kò ní lè fa nǹkan kan mọ́, iná tó ń jẹ á dẹ̀ pọ̀ sí i. Òórùn tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èèpo tó bo ara wáyà kọ́pà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Tó bá jóná tán, wáyà á kan wáyà, motor ti lọ nìyẹn, ó dẹ̀ lè mú ESC dání lọ.

Nǹkan míì tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, ọkọ̀ oníbẹ́líìtì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ẹ yọ motor kúrò, ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tì í. Ó yẹ kó yí lọ jẹ́ẹ́ kó tó dúró. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń lọ́ra, bẹ́líìtì le jù tàbí kí bẹ́árìn kan ti kún fún erùpẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí bẹ́árìn kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ń ha bíi yanrìn, ẹ yọ ọ́ dànù. Motor tó ń fi agbára fa bẹ́árìn tó ti bàjẹ́ máa gbóná kódà pẹ̀lú pinion tó tọ́.

Kẹ́ ẹ tó de motor padà, ẹ gé bébà pẹlẹbẹ kan bíi ìbú ìka kékeré, ẹ fi sáàárín pinion àti spur, ẹ ti motor mọ́ spur títí eyín méjèèjì á fi fún bébà náà mọ́ra, ẹ wá de skúrù ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí gíà, bébà á bọ́ síta pẹ̀lú ojú eyín lára ẹ̀, kò gbọdọ̀ ya. Ẹ fi ọwọ́ mi spur díẹ̀díẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ kọ̀-kọ̀ tín-ín-rín. Tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ó há jù, ooru ló ń fún yín yẹn. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára spur ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, torí pé spur oníke kì í sábà rí roboto dáadáa.

Ẹ n lẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11, ó ní buggy fóò-wíìlì tó jẹ́ oníbúrọ́ọ̀ṣì, ó wá ń yọ mí lẹ́nu pé brushless lòun fẹ́ torí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ṣé dandan ni? Tí mo bá ra motor nìkan, ṣé á wọ̀ ọ́?
Ìyá ọmọ

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Kì í ṣe dandan. Motor oníbúrọ́ọ̀ṣì tó mọ níwọ̀n dáa púpọ̀ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ kì í sá jù, skúrù tó bá tú á rọrùn láti rí, tí búrọ́ọ̀ṣì bá jẹ tán wọ́n á pààrọ̀ motor náà, ó parí. Ẹ ò lè ra motor nìkan, mà. Wáyà méjì ló ń jáde lára oníbúrọ́ọ̀ṣì, mẹ́ta ló ń jáde lára brushless, ESC tó ń gbé ìkan kì í sábà lè gbé ìkejì, torí náà motor àti ESC lẹ máa rà pọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ ra 13.5 tàbí 17.5 onísensor, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan fi rímóòtù dín iná tó lè tẹ̀ kù ná, ọ̀pọ̀ rímóòtù ló ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní motor onínọ́ńbà kékeré torí àti mú inú ẹ̀ dùn.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni bátìrì, mà, ó ju motor lọ. Tó bá jẹ́ LiPo ló fẹ́ máa lò, ẹ̀yin tàbí bàbá ẹ̀ ni kó máa ṣàájì ẹ̀, pẹ̀lú ṣájà tó jẹ́ ti LiPo, kẹ́ ẹ dúró tì í títí á fi kún. Tó bá wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má ṣàájì ẹ̀ mọ́. Kẹ́ ẹ dẹ̀ rí i pé wọ́n ti ṣètò ESC tuntun yẹn fún LiPo, kó lè máa gé iná kí bátìrì tó gbẹ jù.

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àgbà ni mí, eré yìí ni mo fi ń gbádùn ara mi. Buggy 1/8 ni tèmi, 4S ni. Mo ní motor 540 kan nílẹ̀, 6.5T, tuntun ni. Ṣé mo lè lò ó níbẹ̀?
Bàbá tó fẹ́ràn eré

Rárá o, bàbá mi, ẹ má dán an wò. Buggy 1/8 wúwo ju ìlọ́po méjì 1/10 tàbí kó sún mọ́ ọn, 540 ò lè fà á láìjóná. Ẹ fi volt 14.8 ti 4S yín ṣírò KV 6.5 yẹn, nọ́ńbà tó máa jáde kọjá ohun tí rotor ẹ̀ lè fara dà. Ohun tí 1/8 ń fẹ́ ni motor ńlá onípóòlù 4, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi milimítà 40, KV ẹ̀ láàárín 1,900 sí 2,200 lórí 4S. Pinion gan-an ò bára mu, ṣáàfù ti 540 jẹ́ milimítà 3.17, ti 1/8 jẹ́ 5. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń fi 1/10 sáré modified, 6.5 yẹn á wúlò fún un.

Motor mi máa ń gbọ̀n rìrì kó tó gbéra, tó bá ti ń sáré tán kò ní ṣe nǹkan kan mọ́. 8.5 onísensor ni, kò tíì pẹ́ tí mo rà á. Lẹ́yìn tí mo fò tí mo ṣubú lulẹ̀ lágbára ló bẹ̀rẹ̀.
Fò-kí-n-rí-ẹ

Wáyà sensor ni mo kọ́kọ́ fura sí. Wáyà kékeré pẹlẹbẹ tó ní pín-ìn-nì 6 yẹn, yọ ọ́ ní orí méjèèjì, gbé e súnmọ́ iná, wo inú ẹ̀ bóyá pín-ìn-nì kan ti tẹ̀ tàbí wáyà tín-ín-rín kan ti já ní ibi ọrùn ẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń já sí torí pé ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ká a sí. Ọ̀pọ̀ ESC tó bá pàdánù sensor á yí padà sí ìlò aláìnísensor fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ̀n nísàlẹ̀ tó dẹ̀ ń lọ dáadáa lókè. Wá wáyà míì tó dáa, fi dán an wò kó o tó ná owó sí nǹkan míì. Tó o bá tú wáyà ńlá mẹ́ta yẹn nígbà tó ò ń tún un ṣe, rí i dájú pé A lọ sí A, B sí B, C sí C, motor onísensor ò gba kó o pààrọ̀ wọn.

Tí wáyà bá dáa, yọ skúrù méjì tó de motor mọ́ ọkọ̀, wo bí wọ́n ṣe gùn tó. Tó o bá ti fi skúrù tó gùn jù pààrọ̀ èyí tó sọnù, orí ẹ̀ lè ti wọ inú motor lọ fara kan wáyà kọ́pà. Tó o bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, má tan iná sí i mọ́ rárá, ṣí motor wò ná. Tí èèpo ara kọ́pà ò bá tíì bó, fi skúrù kúkúrú dè é padà, kó o máa lò ó. Tó bá ti bó dé ibi tí kọ́pà ti ń dán yọ, pààrọ̀ stator, ìyẹn apá tí wáyà kọ́pà wà, kó tó jó ESC ẹ.